Òkéè Tí O Sọ fún Délé

Bọ́sẹ̀, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú onílùú. Ìyá rẹ wà dáadáa. Ara rẹ̀ le, ariwo rẹ̀ náà le. Láti orí afárá pákó níta ló ti ń bi mí báyìí pé kí ni mo ń kọ tí mo fi fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ní àkọsílẹ̀ ìjọ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kó mọ ohun tí mo ń kọ títí ìwé yìí á fi kúrò ní abúlé wa, Zion Pepe.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá tó ní fóònù lápò fi ń kọ lẹ́tà bí ará ayé àtijọ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí mo bá pè ọ́, màá sọ̀rọ̀, wàá ní, "Òkéè, Bàbá." Màá tún sọ òmíràn, wàá ní, "Òkéè, sà." Lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gé e, tàbí ìwọ lo gé e, èmi ò mọ̀. Màá wá dúró sórí afárá pẹ̀lú fóònù létí, mi ò ní mọ ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o kò lè sọ fún ìwé pé òkéè kó sì panu mọ́. Tó o bá ṣí i, o ní láti kà á dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, wàá ní bàbá yìí ti tún dé. Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni, mi ò tíì bọ́ aṣọ ìjọ lọ́rùn, ni bàbá Délé wọlé láti Molutehin, òun àti àbúrò rẹ̀. Inú wọn dùn débi pé wọn ò jókòó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Délé pe àwọn láti Wárì, pé òun ti bi ọ́ bóyá wàá fẹ́ òun, pé o sì ti gbà. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí làwọn ń bọ̀ wá mọ ilé, torí ọ̀rọ̀ ayọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀. Ìyá rẹ ti dìde ó ti ń jó kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Èmi ní, "A ti gbọ́." Bàbá Délé wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àna òun ò ní í yé ṣe bí ọba.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pè ọ́. O kò ní sọ pé o ti gbàgbé. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, wọ́n ní o ti gbà láti fẹ́ Délé. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì tó o ti ń ṣiṣẹ́. O wá ní, "Ó bi mí, mo kàn ní òkéè ni, Bàbá." Mo ní, "Irú òkéè wo nìyẹn? Ṣé ká máa retí wọn?" O ní, "Òkéè, Bàbá. Àlejò ti dé síwájú mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." O ò pè mí padà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Láti ìgbà náà, ara mi ò lélẹ̀. Mo tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ omi kan tí kò ní àrùn. Nígbà tí mo dè é padà, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, ẹni tó ni ẹ́ńjìnì ń wo nọ́ọ̀tì, ó ń wo ojú mi. Mo tún tú u. Mo rìn lọ sí ìpẹ̀kun afárá, mo rìn bọ̀, títí ìyá rẹ fi ní pákó náà á jẹ tán kí àwọn àna tó dé, pé ibo ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Òun ní tirẹ̀ ti wà nínú ìmúra. Ó ń yan ẹja sílẹ̀, ó ti bá àwọn obìnrin ìjọ sọ̀rọ̀ àga, ó sì ti ń wá ẹni tó máa bá a gún púpurú tí àwọn àlejò máa jẹ. Mo bi í pé ṣé ọmọ yìí fìgbà kan sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ Délé. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ọmọ ní òkéè. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Ṣé kó gun orí òrùlé lọ kéde rẹ̀ ni?"

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ ní kó gun orí òrùlé. Ẹnu lásán ti tó.

Má rò pé torí bàbá rẹ ò kàwé jìnnà ni ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré yìí ṣe ń dà á láàmú. Èmi àti òkéè ti pàdé tipẹ́ kí wọ́n tó bí ọ. Jẹ́ kí n ka ohun tí ojú mi rí fún ọ.

Èkíní. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun. Okùn ni mo ń fà. Ọ̀gá wa kì í ṣe ará ibí, òyìnbó ẹnu rẹ̀ yára bí òjò orí páànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dojú kọ mí, ó da ọ̀rọ̀ lé mi lórí, ó wá dúró kó gbọ́ èsì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ojú tì mí láti ní kó tún un sọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní òkéè. Ó gbá mi léjìká, ó mú mi wọ ilé ìdáná, ó fún mi ní ṣíbí. Àṣé alásè wọn ti ṣàìsàn lọ sílé, ó ń bi mí bóyá mo mọ oúnjẹ sè ni. Bọ́sẹ̀, ìwọ mọ̀ pé ẹyin gan-an ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo se ẹja fún wọn bí màmá mi ṣe ń sè é, mo rò pé ata wa ni gbogbo ayé ń jẹ. Ọ̀gá fi omi mu ọbẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni pé ó tún bi mí ní ohun kan nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, mo tún ní òkéè. Àṣé ó ń bèèrè ẹni tí yóò dúró ti ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ sílé. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, èmi nìkan ni mo kù sójú agbami. Màmá mi jókòó sí etí omi, gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló ń nà sókè wò. Òkéè tí mo sọ kò dun ọ̀gá, kò dùn mí lẹ́nu nígbà tí mo sọ ọ́, àfi màmá mi nìkan ló jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́nu iṣẹ́ tuntun tó o wọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí, bí máníjà bá da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí kò yé ọ, ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Bó bá ní kó o dúró gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tìrẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá agbára rẹ gbé e. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìgbàlejò ló kọ́ ẹnu rẹ. Àlejò ní yàrá òun gbóná, òkéè. Ó ní omi ò wá, òkéè. Ó bú ọ, òkéè. Iṣẹ́ ni, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ahọ́n iṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó ṣọ́ra kó má lọ fi ahọ́n náà dáhùn ọ̀rọ̀ ayé ara rẹ̀.

Èkejì. Ìyá rẹ tún ti ń pè mí. Ó ní kí n wá gbé agbada ẹja. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Èkejì ni ti ọkùnrin tó wá sọ́dọ̀ wa ní abúlé tí a ti kọ́kọ́ gbé, kí a tó kó wá síbí. Ilé iṣẹ́ kan ló rán an. Bàtà rẹ̀ mọ́, ó ń yẹ ojú pákó wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà jókòó yí i ká, wọ́n sọ fún un pé omi yí wa ká, kò sí èyí tó ṣeé mu, kó bá wa gbé táńkì omi wá. Ó mi orí, ó ní òkéè. Wọ́n ní apá ìwọ̀-oòrùn làwọn fẹ́ kó wà, níbi tí omi kíkún kò ti lè dé e. Ó ní òkéè. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa á ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní òkéè, òkéè. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó lọ.

O mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe rí. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀ tó o dá a lóhùn, ohùn rẹ ti di nǹkan tó dì mú. Kí oṣù tó parí, àwa ọkùnrin ti wọ igbó ẹrẹ̀ lọ gé òpó. A gbìn ín sínú ẹrẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, lábẹ́ oòrùn, ẹsẹ̀ wa wọlé dé orúnkún. Àwọn obìnrin fọ gbogbo kèrègbè tó wà nílé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn padà wá, ó wo òpó, ó bèèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ o, kò mọ̀ ni. Ó ní nígbà tí òun ń sọ òkéè, ohun tí òun ń sọ ni pé òun ń gbọ́, kí àwọn àgbà máa sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá àgbà kan tó jókòó níbẹ̀ bojú wolẹ̀. Mi ò gbàgbé ojú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò purọ́ fún wa, a kò sì purọ́ fún un, síbẹ̀ àwọ̀n la wá ń sá sórí òpó yẹn.

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa, pé àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo. Ó ṣeé ṣe kó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò là á yé ẹnikẹ́ni.

Bọ́sẹ̀, àwọn ará Molutehin náà ti ń gbin òpó báyìí. Bàbá Délé ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Awoye. Ìyá Délé ti sọ fún ìyá rẹ irú orúkọ tí òun fẹ́ máa pè ọ́ tó o bá dé ilé. Má rò pé wọ́n gọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn náà ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ títí di Sátidé, òpó wọn á ti wọlẹ̀ jìnnà.

Ẹ̀kẹta, bí mi ò bá tíì ṣi nọ́ńbà. Má sọ pé mò ń ka ohun tí kò sí nínú òkéè rẹ sínú rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Òkéè kan wà tó o máa ń sọ nígbà tí mo bá ní mò ń lọ sí Igbókòdá, tó ń fò lẹ́nu rẹ bí ẹja, torí o mọ̀ pé màá ra búrẹ́dì bọ̀. Ọ̀kan wà tó ń gbé "o" lẹ́yìn, "òkéè o," ìyẹn ni pé kí n fi ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ lórí fóònù láìpẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo, "K." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ọ́. Mo kọ gbogbo bí ara wa ṣe rí ránṣẹ́ sí ọ, ti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ, ti òjò tó gbé páànù wa, o dá K kan padà fún mi. Mo fi han ìyá rẹ. Ó ní bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń sọ pé àwọn ti gbọ́ nìyẹn, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o rí àyè kọ ọ́ tán. Mo gbà, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá tó kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn, ó yẹ kó rí ju K lọ gbà.

Ọ̀kan wá wà tó wá láti ìsàlẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí. Nígbà tí o jáde ìwé mẹ́wàá, o fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Awoye. Ìyá rẹ ní rárá, kí o dúró ti òun nídìí ẹja. O wo èmi, mi ò sọ nǹkan kan. O ní, "Òkéè." O kò bínú, o kò sunkún, o fi ohùn kan báyìí sọ ọ́ bí ẹni tó rọra gbé ẹrù kalẹ̀. O wọlé, oúnjẹ rẹ tutù. A ò gbọ́ nípa aṣọ rírán mọ́ láéláé. Òkéè yẹn ni mo gbọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

Bóyá mo ṣì gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ara mi nígbà gbogbo, tí mo bá ti rin afárá yìí lọ tí mo rìn ín bọ̀. Bóyá ìtìjú ni, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń bi nípa ọkùnrin níwájú àlejò, kí ni kó sọ? Bóyá inú rẹ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò fi pọ̀ lẹ́nu rẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù kò sì ní ojú. Tí mo bá rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà, mi ò bá tí kọ ìwé kankan.

Má tún rò pé mo ní ohun kan lòdì sí Délé. Ọmọ dáadáa ni. Iṣẹ́ jórinjórin rẹ̀ mọ́. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó rí i pé ilẹ̀kùn irin ilé ìjọsìn ti ń já, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó jó o pọ̀. Ó ń kí mi tọwọ́tẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ burúkú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn fún mi, màá kàn ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ èèyàn torí pé kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Bí o bá sì wọlé ọkọ pẹ̀lú òkéè, ọkùnrin rere náà ni wàá fìyà jẹ. Yóò máa bi ọ́ pé ṣé inú rẹ dùn, wàá ní òkéè. Yóò máa wò ọ́ lójú, kò ní mọ ohun tó ṣe.

Wo ìyá rẹ. Nígbà tí àwọn èèyàn mi lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n ní kó jáde wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó wá ní, "Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní í bá ìyá rẹ̀ gbé inú ilé kan." Àbúrò bàbá mi ní kí a máa lọ, pé ọmọ yìí á jẹ wá tán. Màmá mi ló ní kí wọ́n jókòó, pé òun náà ò fẹ́ bá a gbé. A ti jà, ìyá rẹ àti èmi, ìwọ náà jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò ṣe wàhálà rí kí n tó mọ ohun tó ń ronú. Ó ń sọ ọ́ kí n tó bèèrè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òun yìí kan náà ni òkéè rẹ tẹ́ lọ́rùn. Ayọ̀ ló dí i létí, má dá a lẹ́bi.

Mo fẹ́ bi ọ́ bí àwa èrò omi ṣe ń bi ara wa. O mọ̀ ọ́n, o wọ ọkọ̀ mi tó nígbà tí mo ń fi kó èrò. Bí ẹnì kan bá dúró ní èbúté tó ní, "Sọ fún Adé kó má kọjá ẹnu òkun lónìí, ìgbì ti dìde," o ò gbọ́ kí n sọ fún un rí pé mo ti gbọ́. Màá ní, "Kí Adé má kọjá ẹnu òkun lónìí, ìgbì ti dìde." Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì ti ẹnu mi padà sétí ẹni tó rán mi, kò ní í tú okùn ọkọ̀ mi sílẹ̀ kí n lọ. Kì í ṣe pé kò fọkàn tán mi. Ẹ́ńjìnì ń pariwo, afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀mí èèyàn sì ni Adé.

Ọ̀rọ̀ tí mo rán sí ọ nìyí. Délé fẹ́ fẹ́ ọ, àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé. Dá a padà fún mi. Sọ pé, "Bàbá, mo fẹ́ Délé, kí wọ́n máa bọ̀." Tàbí kó o sọ pé, "Bàbá, mi ò fẹ́ Délé, kí wọ́n má wá." Bó bá sì jẹ́ pé o kò tíì mọ̀, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ní, "Bàbá, mi ò tíì mọ̀, ẹ fún mi láyè." Èyíkéyìí nínú rẹ̀ ni mo lè gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Má ṣe sọ fún ara rẹ pé wọ́n á sáà bi ọ́ lọ́jọ́ ìdána. Òótọ́ ni, wọ́n á pè ọ́ jáde, wọ́n á bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú gbogbo ayé bóyá kí a gba ohun tí wọ́n gbé wá. Mo ti jókòó níbi irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Mi ò rí ọmọbìnrin tó ní rárá níbẹ̀ rí. Ta ló máa sọ ọ́, nígbà tí àwọn àgbà ti wọ aṣọ, tí oúnjẹ ti jinná, tí ìyá ẹni ń sunkún ayọ̀? Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó bi í. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ń bi ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí ìwọ nìkan ń kàwé.

Ohun kan tún wà tó ń lé mi kiri, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ò ní mọ̀ ṣùgbọ́n tí ìwọ mọ̀. Bí ọkọ̀ àlejò bá ti sún mọ́ ilé, tí wọ́n ju okùn, tí onílé gbà á tó so ó mọ́ òpó ilé rẹ̀, ó ti gba àwọn àti ohun tí wọ́n bá wá nìyẹn. Kò sí bí màá ṣe gba okùn bàbá Délé tán kí n wá ní ọmọ mi ò ṣe mọ́. Ìyẹn á di ìjà láàárín abúlé méjì. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní láti jẹ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ilé.

Mo fi ìwé yìí rán ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, yóò fún awakọ̀ Àkúrẹ́ tó máa gbé e dé hòtẹ́ẹ̀lì fún ọ. Bí o bá ti kà á tán, bọ́ síta níbi tí ariwo kò sí, kó o pè mí. Èmi ni kó o pè, má pe ìyá rẹ.

Bí o bá fẹ́ ẹ, màá fún ìyá rẹ ní fóònù kí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí inú rẹ̀ dùn dáadáa, màá sì lọ wá ṣòkòtò tí kò ní ọ̀rá ẹ́ńjìnì lára.

Bí o kò bá fẹ́ ẹ, má bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Epo wà nínú ọkọ̀ mi. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi nìkan máa jáde lọ pàdé wọn lójú omi. Màá pa ẹ́ńjìnì, màá ṣí fìlà, màá sọ fún bàbá Délé pé èmi ni mi ò gbà, pé mo ní kí ọmọ mi ṣiṣẹ́ ná, pé kó bínú sí mi bó ṣe fẹ́. Kò ní í gbọ́ orúkọ rẹ nínú rẹ̀. Ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ọ̀kan nínú wa á fi kú, á sì dùn mí, torí ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti ń wẹ̀ ní ìhòòhò. Ìyá rẹ á bá mi jà títí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rò. Délé á rí ìyàwó mìíràn fẹ́, ọmọ mi. Èmi ò lè rí Bọ́sẹ̀ mìíràn bí.

Mo ń retí ohùn rẹ.

Bàbá rẹ